Yìnyín Ẹ̀jẹ̀ Fẹ́rànmí

Dúró ná, ìwọ tó ń ka ìwé yìí. Gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni mo fẹ́ bá ọ sọ, má fi ojú fò ó.

Ọkùnrin kan wà ní Kabba tí ń jẹ́ Ọlọ́runlékè. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe, ó sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé, "Mo ṣe àṣìṣe." Iyì ojú ènìyàn dùn mọ́ ọn ju òtítọ́ lọ. Ibẹ̀ ni Sátánì ti rí àyè jókòó.

Ní Ponyan, obìnrin kan tí ń jẹ́ Miriam bí ọmọ kan, Fẹ́rànmí. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò dúró, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ bí aṣọ tútù. Dókítà Ìdùnnúolúwa yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ọkàn rẹ̀ ti wú. Ó jókòó ti ìyá náà.

"Màmá Fẹ́rànmí, Ọlọ́run dá ara wa kí ó máa tọ́jú ṣúgà pamọ́, bí ẹ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká. Gílaíkójìn ni à ń pe ṣúgà yẹn. Òṣìṣẹ́ kan wà nínú ara tó ń fọ́ ọ kúrò díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńsáìmù ni orúkọ rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ yẹn kò bá ṣiṣẹ́, ṣúgà á kún inú ọkàn títí ọkàn á fi dákẹ́."

"Yéè! Ṣé oògùn wà, dókítà?"

"Ó wà. Àwọn aláàánú kan lókè òkun á fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn agbára ẹ́ńsáìmù náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ yá, ọkàn ọmọ yìí kò lè fara dà á pẹ́."

Ọlọ́runlékè ló wá gba ẹ̀jẹ̀ náà. Òfin iṣẹ́ ni pé kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le bá ti aláìsàn rìn nínú kúlà kan náà, lórí yìnyín kan náà kí ooru má baà ba ẹ́ńsáìmù jẹ́, kí a sì lè fi wọ́n wéra. Bí ti ẹni tí ara rẹ̀ le náà kò bá ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni méjèèjì ti bàjẹ́. Andrew, dírẹ́bà rẹ̀, ló na apá tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé kúlà sínú mọ́tò, wọ́n kọrí sí Kabba.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́runlékè ní kí Andrew yà sí Iyamoye, nítorí òun ni alága ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Oòrùn mú, iná kò sí, mọ́ọ̀tì inú ìgò tí alága kó wá kí àwọn àlejò mu gbóná. Bàbá Hezekiah, àgbà ìjọ, tọ́ ọ wò, ó ní, "Alága wa, ṣé tíì lẹ gbé wá ni?" Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Ọlọ́runlékè.

"Andrew, lọ kó yìnyín inú kúlà wá."

"Ọ̀gá, yìnyín ẹ̀jẹ̀ ọmọdé yẹn ni o."

"Wọ́n kọ orúkọ ọmọ sára yìnyín ni? Kó o wá, jàre. A ó ra òmíràn."

Mọ́ọ̀tì tutù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún alága. Nínú mọ́tò tí gíláàsì rẹ̀ tì pa, ẹ̀jẹ̀ méjèèjì ń gbóná bí omi tí a gbé ka iná. Kò ra òmíràn.

Nígbà tí wọ́n dé Kabba, ó po ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ oògùn àyẹ̀wò, ó sì gbé wọn sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Bí ẹ́ńsáìmù bá ń ṣiṣẹ́, yóò fọ́ oògùn náà, ìmọ́lẹ̀ yóò sì yọ nínú ẹ̀rọ. Bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó ni agbára ẹ́ńsáìmù ṣe pọ̀ tó. Ó wo ti Fẹ́rànmí: òkùnkùn. Ó wo ti Andrew: òkùnkùn.

Andrew yọjú lẹ́yìn rẹ̀. "Háà, ọ̀gá! Ṣé èmi náà ti kú ni?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká padà lọ gba òmíràn."

"Kí n wá sọ fún dókítà pé mo fi yìnyín mu mọ́ọ̀tì? Pa ẹnu rẹ mọ́ bí o bá fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ."

Ó ronú. Bí òun bá kọ pé ẹ́ńsáìmù kò ṣiṣẹ́, wọn á béèrè ohun tí òun rí nínú ti Andrew. Bí òun bá kọ pé ó ń ṣiṣẹ́, inú gbogbo ènìyàn á dùn, kò sì sẹ́ni tí yóò béèrè nǹkan kan. Ó da ẹ̀jẹ̀ Andrew nù. Ó kọ ọ́ pé ẹ́ńsáìmù ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Nígbà tí èsì yẹn dé Ponyan, wọn kò béèrè oògùn mọ́. Miriam jó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí níwájú ìjọ. Ó ru iṣu lọ sí ilé Ọlọ́runlékè, ó kí i bí wọ́n ti ń kíni lágbègbè wọn. "Okun o, ọ̀gá. Bí ẹ ti ṣe fún mi yìí, Ọlọ́run á ṣe é fún yín."

Ọlọ́runlékè dáhùn pé, "Àmín." Obìnrin náà kò mọ̀ pé èpè ni òun gbé lé e lórí. Ṣùgbọ́n Ọ̀run gbọ́.

Kò pẹ́ tí Fẹ́rànmí kò fi lè mu ọyàn yó mọ́. Èémí rẹ̀ ń já. Dókítà fi ẹ̀jẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, lórí yìnyín. Èsì dé: ẹ́ńsáìmù náà kò ṣiṣẹ́ rárá. Wọ́n sáré ránṣẹ́ sókè òkun. Nígbà tí oògùn fi dé, wọ́n ti sin Fẹ́rànmí.

Ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí Andrew gbádùn mọ́. Ó lọ jẹ́wọ́ fún dókítà, ọ̀rọ̀ sì dé etí Miriam. Wọ́n lé Ọlọ́runlékè, wọ́n sì gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un ní Iyamoye kò fẹ́ bá a jókòó mọ́. Níkẹyìn, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Miriam ní Ponyan. Miriam wọlé, ó gbé ìgò mọ́ọ̀tì kan jáde, omi ń ṣàn lára rẹ̀.

"Ẹ dìde, ọ̀gá. Ẹ mu ún, ó tutù. Ohun tí ẹ fi ọmọ mi rà nìyẹn."

Kò lè gbà á, kò sì lè kọ̀ ọ́. Títí di òní, bí wọ́n bá gbé ohun tútù síwájú rẹ̀, á dìde kúrò níbẹ̀. Àmín rẹ̀ ti ṣẹ. Bí ó ti gba ayọ̀ lọ́wọ́ Miriam, bẹ́ẹ̀ ni Olúwa gba ayọ̀ lọ́wọ́ òun náà.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé àṣìṣe nìkan kọ́ ló pa Fẹ́rànmí. Bíbò tí ọkùnrin yìí bò ó mọ́lẹ̀ ló pa á. Ká ní ó gba ìtìjú, tí ó sì padà sí Ponyan lọ́jọ́ kejì, bóyá ọmọ náà ì bá máa rìn kiri àgbàlá ìyá rẹ̀ lónìí. Ọlọ́run ń dárí ji ẹni tó jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fi irọ́ bo àṣìṣe rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń fi san án. Ìwọ ńkọ́? Irọ́ wo ni o ti sọ tí ẹlòmíràn ń jó ijó ọpẹ́ lé lórí báyìí? Mo fi orúkọ Olúwa bẹ̀ ọ́, má dé ibi tí ò ń lọ yẹn. Yí mọ́tò rẹ padà. Lọ sọ òtítọ́ lónìí, nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń mí.