Etí Tó Wú

"Rárá ni kó o tẹ̀!" Dókítà Ọláoyè ló jágbe mọ́ nọ́ọ̀sì.

 Ẹ̀rọ tó ń sọ ẹni tí iṣẹ́ abẹ yẹ fún ló wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ń bèèrè bóyá àpá ara Bilqees, ọmọbìnrin tó fẹ́ kí wọ́n gé imú òun kéré, máa ń wú. Etí tí wọ́n lu fún Bilqees ní kékeré ti wú tó àtàǹpàkò lábẹ́ híjáàbù. Nọ́ọ̀sì ti tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ sì tan iná pupa: ẹ má gé imú rẹ̀.

"Haba, Dókítà! Imú ọmọ ọlọ́mọ á bàjẹ́."

"Ṣé ìwọ lo ni ilé ìwòsàn yìí ni?"

Nọ́ọ̀sì tẹ Rárá. Iná di àwọ̀ ewé. Bilqees dúpẹ́ dúpẹ́, ó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ.

Kò pẹ́ ni Ṣìmí, ọmọ dókítà, wọlé dé láti àdúgbò Barnawa. "Dádì, ẹ bá mi gé imú tèmi náà."

Etí tirẹ̀ náà wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹtí. Nọ́ọ̀sì ò dúró gbàṣẹ, ó na ìka sí Rárá. Dókítà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Orí ẹ ò pé ni? Ọmọ mi nìyí! Òtítọ́ ni kó o tẹ̀."

Nọ́ọ̀sì tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, iná pupa sì tàn. Dókítà mí kanlẹ̀. "Ṣìmí, o rí i? Ẹ̀rọ kì í parọ́."

 Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ náà, tòun ti iná pupa, ó wọlé tọ Bilqees lọ lórí ibùsùn.

"Àbúrò mi, dìde. Wọ bàtà ẹ."