Páìpù Inú Ògiri Yàrá Ọmọ

Nígbà tí gáàsì gbówó lórí, Gracjan ra ààrò onígi, ó gbé e sí pálọ̀, níbi tí ààrò gáàsì wà tẹ́lẹ̀. Bogna ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kó dáná sí i. Ihò èéfín ilé wọn gba inú ògiri yàrá òkè kọjá, ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn gan-an sì ni Leoś, ọmọ wọn tí kò tíì lè jókòó, ń sùn. Òtútù kì í jẹ́ kó sùn pẹ́ kó tó figbe ta.

Ìyá Sabina aládùúgbò wọn ló dẹ́rù ba Bogna. Ó ní páànù fẹ́lẹ́ ni páìpù tó wà nínú ihò náà, gáàsì ni wọ́n ṣe é fún. Iná igi máa ń gbóná ju ohun tó lè gbà lọ. Bí páìpù náà bá lu, èéfín á gba àárín bíríkì wọ yàrá, ẹni tó ń sùn kò sì ní mọ̀ títí á fi pa á. Ó ní ẹni tó bá mọṣẹ́ á gun òrùlé, á sì béèrè irú irin tí páìpù náà jẹ́.

Gracjan ní Ìyá Sabina yìí kan náà ló ń bẹ̀rù kí ológbò sọdá níwájú òun. Síbẹ̀, ó pe iléeṣẹ́ àwọn tó ń gbá ihò èéfín. Wọ́n ní ẹnì kan á dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láàárọ̀.

Lọ́jọ́ náà, yìnyín bo ojú ọ̀nà. Bogna ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin kan tó wọ aṣọ dúdú, tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Ó há kàlẹ́ńdà ọdún tuntun mọ́ abíyá, bí àwọn tó ń gbá ihò èéfín ṣe máa ń múra, tí wọ́n sì máa ń tà á kiri bí ọdún bá ń parí lọ.

"Ẹ ṣeun tí ẹ tètè dé, ọ̀gá," Bogna wí. "Ihò èéfín wa ò jẹ́ kí n sinmi."

Ọkùnrin náà wo kàlẹ́ńdà rẹ̀, ó tún wo ojú Bogna. "Ẹ fi hàn mí," ó ní.

Ó tan iná fóònù sí ẹnu ihò náà, ó fi ìka kan ògiri. Bogna bi í nípa páìpù.

"Kò síṣòro, mádàámù. Ó ń fa èéfín dáadáa."

"Ọmọ mi ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn o."

"Á gbádùn oorun."

Gracjan ra kàlẹ́ńdà kan. Bogna di bọ́tìnnì ara rẹ̀ mú kí oríire má baà fò wọ́n, bí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé kó máa ṣe bó bá rí ẹni tó ń gbá ihò èéfín, ó sì rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń lọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀, kò sì fi àbàwọ́n kankan sílẹ̀.

Iná ràn. Bogna gbé Leoś lọ sókè, ó fọwọ́ kan ògiri, ògiri náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gracjan ti fi tépù dí etí fèrèsé. Bogna tẹ́ ọmọ sùn, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bó pòtétò. Ó ń tẹ́tí, ṣùgbọ́n ọmọ kò ké.

"Lọ sọ fún Ìyá Sabina," ni Gracjan wí, "pé ọmọ rẹ ti ń sùn bí àgbà."

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó tún kanlẹ̀kùn: ọkùnrin kan ló dúró síta, èéfín ti sọ ojú àti ọwọ́ rẹ̀ di dúdú, àkàbà wà léjìká rẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, yìnyín ló dá òun dúró, òun ni iléeṣẹ́ rán wá wo ihò èéfín wọn, òun sì gbà pé wọn ò tíì dáná sí i.