Iná Pupa Tí Kò Tàn Mọ́

Ṣé ọpẹ́ ló yẹ kó dá ni, àbí ẹjọ́ ló yẹ kó rò? Títí di òní, ìyá Tíńtín kò tíì mọ èyí tí ì bá ṣe.

Mọ́tò ilé wọn dàgbà ju òun gan-an lọ. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún wọn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣí láti inú, ìjókòó iwájú sì ti ya, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ti fi àjákù aṣọ rán an pọ̀. Ọmọbìnrin wọn kéré nígbà tí wọ́n bí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Tíńtín. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èémí rẹ̀ máa ń há nígbà mìíràn, bó bá sì ti há, ilé ìwòsàn ni kíá. Ilé ìwòsàn jìnnà. Torí bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ mọ́tò wíwà, torí bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń bẹ̀rù mọ́tò.

Èyí tó ń bà á lẹ́rù jù ni iná pupa kékeré kan níwájú awakọ̀, tí wọ́n ya bátìrì sí lára. Bó bá ti yí kọ́kọ́rọ́, iná náà á là bí ojú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti mú, iná náà á kú.

"Bàbá Tíńtín, ó tún tàn o."

"Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ń jí lójú oorun ni."

"Wọ́n ní pupa ò dáa nínú mọ́tò."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àyà mi."

Bí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀, á tún dìde, á lọ yí kọ́kọ́rọ́, á wò ó, á padà wá sọ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ wọnú. Omi ọyàn rẹ̀ ń dín kù.

Ní Sátidé kan, ọkọ rẹ̀ fọ mọ́tò náà tinú-tòde. Ó mú irinṣẹ́ tó fi ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dání, ó ní ìjókòó kan ń mì. Ó pẹ́ nínú mọ́tò.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyàwó rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Iná pupa kò tàn. Ẹ́ńjìnnì mú, kò tàn. Ó sáré wọlé.

"Ara ẹ̀ ti yá o!"

"Ṣebí mo sọ fún ẹ," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kò gbójú sókè.

Oorun tí ìyá Tíńtín sùn lọ́sẹ̀ yẹn pọ̀ débi pé ará ilé kejì ń bèèrè bóyá ó rìnrìn àjò ni.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí mọ́tò kọ̀ láti dáhùn. Wọ́n pe Ọ̀gá Wáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ìkángun àdúgbò, tó máa ń gbé wáyà kọ́rùn bí ẹni gbé ṣéènì. Ó fi bátìrì tirẹ̀ ta mọ́tò náà jí, ó ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ jókòó síbi ìdarí, ìyàwó pọn ọmọ dúró tì í.

"Bọ̀dá Télọ̀, ẹ bá mi wo iwájú yín. Iná bátìrì ń tàn?"

Télọ̀ wo ìyàwó rẹ̀.

"Kò tàn."

"Rárá rárá?"

"Rárá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ́tánétọ̀ tó ń bọ́ bátìrì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Bátìrì yín ló ti darúgbó. Ẹ jẹ́ kí bàbá lọ sinmi."

Wọ́n ra tuntun. Tuntun náà kú. Ọ̀gá Wáyà pààrọ̀ bẹ́líìtì, ó fọ orí wáyà, ó tú ọ́tánétọ̀ lọ sórí tábìlì rẹ̀, ó sì rí i pé kò ṣàìsàn kankan. Ó dá a padà.

"Iná ń tàn?"

"Kò tàn."

Ọ̀gá Wáyà họ orí. "Ìyàwó wa, mo ti tún ọkọ̀ tó ń gbé òkú ṣe, ó gbọ́ràn. Èyí tó ń gbé alààyè yìí ni kò gbọ́."

Àwọn ará àdúgbò ní ó ti jí nǹkan inú ọ́tánétọ̀ náà lọ. Télọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, télọ̀ lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, èémí Tíńtín sì há. Mọ́tò dáhùn, torí Ọ̀gá Wáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná bọ́ bátìrì rẹ̀ láàárọ̀. Òjò dé. Ìyá ọmọ tan iná iwájú, ó sì jẹ́ kí ohun tó ń nu gíláàsì máa nù. Nígbà tó dé orí afárá, ohun tó ń nu gíláàsì ń falẹ̀, iná iwájú ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́. Kò sí iná kankan níwájú rẹ̀ tó kìlọ̀ fún un.

Ó gbé ọmọ sáré nínú òjò. Ọkọ̀ akóyanrìn kan ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

"Ìyá ọmọ, ká ní ẹ tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni!" ni dókítà wí. Wọ́n fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí Tíńtín nímú, àwọ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò.

Nígbà tí télọ̀ gbọ́, ó sáré dé ilé ìwòsàn, ó sì tibẹ̀ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Wáyà.

"O fẹ́ pa ọmọ mi!"

"Bọ̀dá Télọ̀, ẹ dákun, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé iná ò tàn!"

"Kò tàn! Kò tàn náà ni!"

Àwọn oníbàárà gbọ́. Kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ wá fún Ọ̀gá Wáyà mọ́. Kí òjò tó dáwọ́ dúró lọ́dún yẹn, ó ti ru tábìlì rẹ̀ kúrò ládùúgbò. Wọ́n ta mọ́tò fún àwọn tó ń ra irin.

Tíńtín ti ń gun kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́ lẹ́nu télọ̀ pé òun lòun yọ gílóòbù iná pupa yẹn ní Sátidé tóun fọ mọ́tò, kí ìyàwó òun lè rí oorun sùn, àti pé nínú mọ́tò tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, inú gílóòbù yẹn gan-an ni iná tó ń jí ọ́tánétọ̀ ń gbà kọjá; láìsí i, ọ́tánétọ̀ kì í bọ́ bátìrì.