Akéṣíà Màmá Delight

Ní ọdún 2004, Màmá Delight ra igi akéṣíà kékeré kan nínú ọ̀rá lọ́wọ́ Ládélé, ọmọ Ìkirè tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìbàfò. Ó gbìn ín síwájú ilé rẹ̀ ní Mówè. Ládélé ní yóò yọ òdòdó yẹ́lò tó bá pé ọdún méjì. Ohun tí obìnrin náà ń fẹ́ gan-an nìyẹn: kí àwọn àna bá igi náà nínú òdòdó lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá tọrọ Delight.

Igi náà dàgbà, ó ga dé òrùlé. Àfi lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí pásítọ̀ ṣàlàyé ní ṣọ́ọ̀ṣì pé igi ṣítímù tí wọ́n fi kan àpótí ẹ̀rí, akéṣíà ni Òyìnbó ń pè é. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú, ará àdúgbò ti já ewé rẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ tó. Àwọn kan ń sè é mu, àwọn kan ń fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Bọ̀dá Adéyanjú, aládùúgbò rẹ̀, gbé àkàbà wá.

Ó ku oṣù méjì kí àwọn àna dé. Ẹ̀rù ba Màmá Delight, ó gba Ìbàfò lọ.

"Ládélé, gbà mí. Wọn ò ní fi ewé kan sílẹ̀."

"Òótọ́ ni màá sọ fún wọn, Mà."

Ó wá ní Sátidé, ó kó wọn jọ sábẹ́ igi náà. "Ẹ wò ó dáadáa, kò lẹ́gùn-ún. Tinú Bíbélì lẹ́gùn-ún. Igi ẹ̀ṣọ́ lásán lèyí, láti Ọsirélíà."

Bọ̀dá Adéyanjú gbé àkàbà rẹ̀ kúrò. "Ṣé ẹ ní ẹlẹ́gùn-ún yẹn?"

Ládélé wolẹ̀. "Mo ní díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ni mò ń tà á fún. Òdòdó funfun ló máa ń yọ. Ó léèwọ̀ o: ẹ ò gbọdọ̀ já ewé ẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ rún un, títí tó fi máa so."

"Ta ló máa já ewé nǹkan mímọ́?" ni Bọ̀dá Adéyanjú wí.

Wọ́n tẹ̀lé e lọ sí Ìbàfò lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó tún yà sídìí akéṣíà Màmá Delight mọ́. Igi náà rúwé, nígbà tí àwọn àna sì dé, òdòdó yẹ́lò ti bo gbogbo orí rẹ̀. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó sunkún. Ó gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí Ládélé, ó ní òun ò tíì rí ọlọ́jà tó máa ń ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́ nítorí òtítọ́.

Ní ọdún kẹrin, gbogbo igi àpótí ẹ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún tí àwọn ará àdúgbò rà lọ́wọ́ Ládélé so ọsàn wẹ́wẹ́.