Àlejò Tó Gbé Ọmọláńgidi Wá

Iṣẹ́ ọjọ́ náà ti mú kó rẹ Fọláránmí kí àlejò kan tó wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́. Ó pẹ́ tó ti ń kó ọmọláńgidi àwọn jagunjagun òfuurufú jọ, àwọn èèyàn sì máa ń gbé tiwọn wá kó lè yẹ̀ wọ́n wò.

Ó gbé àtùpà sún mọ́ èyí tí àlejò náà gbé wá. Pupa ni àṣíborí gbogbo irú rẹ̀, ṣùgbọ́n tèyí dúdú.

"Wọn ò ṣe irú èyí púpọ̀. Níbo lẹ ti rí i?"

Fọláránmí tẹ́tí, kò gbọ́ èémí àlejò náà. Ó gbé iná sókè, ó sì rí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ ike pọ̀, láti etí ọkùnrin náà dé ọrùn.

"Mo ti rìn títí, ó ti rẹ̀ mí," ni àlejò náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n ṣe ẹlòmíì tó dà bí èmi?"