Kànga Tí Dókítà Wò Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Kànga méje ló wà ní òpópónà náà ní Ayọ̀bọ̀, kànga Ràbíátù ló sì dàgbà jù. Ọkọ rẹ̀, bíríkìlà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbẹ́ ẹ nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Ìpẹ̀kun ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló gbẹ́ ẹ sí, Ràbíátù sì bá a jà lórí ìrìn náà títí ọkùnrin náà fi kú. Àwọn onílé tó dé lẹ́yìn wọn gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbẹ́ tiwọn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà ro ẹnikẹ́ni.

Kí ọkọ rẹ̀ tó kú ló ti fi kànga náà ṣe sàárà. Ẹni tó bá fẹ́ pọn kó wá pọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí Ràbíátù ń gbọ́ ìró korobá níbẹ̀ láàárọ̀, tí á sì sọ pé, "Ọlọ́run, kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọkọ mi."

Lọ́dún 2013, inú rírun àti ibà bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọ àdúgbò ṣáá. Ìgbà náà ni Dókítà Adéolú dé. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, omi ló ń ṣèwádìí, a sì máa sọ̀rọ̀ lórí rédíò láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó bu omi kànga méjèèje sínú ìgò kéékèèké, ó kọ orúkọ onílé sí wọn lára, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó padà dé lọ́sẹ̀ kejì, ti Ràbíátù nìkan ló bù. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó tún dé. Ó wọn bí kànga náà ṣe jìn tó, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ń mi orí.

"Dókítà, ṣé kò sí nǹkan?" Ràbíátù bi í.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí mo bá parí iṣẹ́, èmi fúnra mi ni màá wá bá yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù."

Ara Ràbíátù tutù. Bí wọ́n ṣe wá túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún un nìyẹn. Àgbàlagbà mẹ́ta ló wọlé, wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀, wọ́n sì béèrè ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Ẹni tó gbé ìròyìn ayọ̀ kì í fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àdúgbò náà ti ń ṣírò tiwọn. Àlàájì Gàníyù, alága àwọn onílé, kò fi bò fún Ràbíátù. "Ìyá Rídwàn, ẹni tí dókítà bá ń pè padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣé ara ẹni náà le?" Kò tó ọjọ́ mélòó kan, ìró korobá dín kù.

Lọ́jọ́bọ̀, Ràbíátù gbé rédíò sétí. Ohùn Dókítà ti rẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìmọye ìgbà.

"Omi ló ń dá àwọn ọmọ wa dùbúlẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀," ó ní. "Mo ti rí i. Ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ ilé ẹnikẹ́ni. A kì í tàbùkù àgbà lórí afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ Ajé ni mo ń bọ̀ wá sọ ọ́ lójúkojú. Ẹ ṣáà máa se omi kí ẹ tó mu ún."

Ràbíátù pa rédíò. Ó wọ bàtà, ó lọ kí Kẹ́mi, ayálégbé Àlàájì. Hope, ọmọ rẹ̀, ti lo ọ̀sẹ̀ kan ní ọsibítù.

"Ẹ má dá ara yín lẹ́bi jàre," Kẹ́mi ní. "Látìgbà tí Àlàájì ti gbẹ́ tiwọn la ò ti wá pọn lọ́dọ̀ yín mọ́."

"Ṣùgbọ́n Hope máa ń yà mu omi lọ́dọ̀ mi tó bá ti ilé ìwé bọ̀."

Kẹ́mi ní, "Ife kan ṣá ni, Ìyá."

"Ife kan náà ti tó."

Ẹ̀rù ba Ràbíátù. Àràárọ̀ ló ń ní kí Ọlọ́run kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọkọ òun. Kí wá ni málékà ti ń kọ láti ọdún mọ́kànlá? Bóyá májèlé lọkùnrin náà ń há fọ́mọ ọlọ́mọ láti inú sàréè, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣe àmín sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó pe alágbàṣe méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló ju òkúta àkọ́kọ́ sínú kànga, ó sì sunkún nígbà tó gbọ́ bí omi ṣe gbà á. Wọ́n da yanrìn lé e títí ó fi kún, wọ́n sì fi kọnkéré dé e lórí. Àlàájì wá wò ó. "Ẹ ṣe bí àgbà," ó ní. "Ẹ máa wá pọn lọ́dọ̀ mi, ọ̀fẹ́ ni." Lọ́jọ́ Àìkú, ilé Àlàájì ni gbogbo àwọn tó ń pọn lọ́dọ̀ Ràbíátù tò sí.

Dókítà dé lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́, erùpẹ̀ bo bàtà rẹ̀. Ràbíátù fún un ní àga, ó gbé omi tútù fún un bí wọ́n ti ń ṣe fún àlejò.

"Ẹ mu ún láìfòyà. Ti ilé Àlàájì ni."

Dókítà gbé ife náà sílẹ̀ láì fẹnu kàn án.

"Ẹ má wulẹ̀ dààmú láti sọ ọ́," Ràbíátù ní. "Mo ti dí i. Ọmọ ẹnikẹ́ni kò tún ní mu ún mọ́."

Dókítà dìde, ó rìn dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ náà, ó dúró ti kọnkéré tí kò tíì gbẹ tán.

"Ìyá," ó ní, "lẹ́tà mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi yìí, àwọn onílé yòókù ni mo kọ wọ́n sí pé kí wọ́n ti kànga wọn pa, mo sì wá bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa wá pọn omi lọ́dọ̀ yín, torí nínú méjèèje, tiyín nìkan ló mọ́."