Péńtà Tó Fi Sáńpépà Ha Tàtúù Ara Rẹ̀

Òótọ́ ni ìtàn yìí láti orí dé ìrù. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí n má rí bàtà wọ̀ lọ́la. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n rọra búra: òótọ́ ni, àfi ibì kan péré, ibẹ̀ ò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọkùnrin kan wà tó ń kun mọ́tò, tí kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, ṣùgbọ́n ó tóbi tó mẹ́wàá. Bí o bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, á ní òun ti mọ̀, á sì jáde láìmú agboòrùn. Mo-Ti-Mọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Òun rò pé oríkì ni.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Mọ́tò tó bá kùn á máa dán bí omi inú àwo. Ọ̀gá wọn fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí òdìkejì títì, ó sì pè é.

"Mọ́tò dúdú ti dókítà ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì òní. Ìwọ nìkan ni wàá kun ún. Tó bá ti dáa, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun di tìẹ."

Ọ̀gá tuntun sì gbọ́dọ̀ ní àmì, àbí? Mo-Ti-Mọ̀ lọ fín tàtúù ẹkùn sí apá ọ̀tún, apá tó fi ń ṣiṣẹ́, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ẹkùn náà la ẹnu gbàgà, kí àwọn oníbàárà lè mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù.

Obìnrin tó fín in fi ọ̀rá bò ó, ó sì wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Àbúrò mi, ọgbẹ́ lò ń gbé lọ sílé yìí o. Máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò lóòórùn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Fi ìpara díẹ̀ sí i. Má jẹ́ kí oòrùn pa á. Tó bá ń yún ẹ, má họ ọ́. Tó bá sé èépá, má ṣí i, á re fúnra rẹ̀."

"Mo ti mọ̀, mà. Iṣẹ́ ọ̀dà niṣẹ́ mi."

"Ara èèyàn kì í ṣe mọ́tò o."

"Ẹ má dààmú, mà. Ọ̀dà lọ̀dà ń jẹ́."

Wọ́n ní ẹni tí a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́. Ó jọ pé ọwọ́ ọba dí lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí ọ̀rá kúrò, ó sì na apá sóòrùn ọ̀sán, torí ọ̀dà tí kò bá rí oòrùn kì í gbẹ. Lọ́jọ́ kẹta, omi ń sun lójú ọgbẹ́ náà. Ó rẹ àkísà sínú tínà, oògùn tí àwọn péńtà fi ń nu gíríìsì, ó sì fi nù ún. Ó ké débi pé ajá àdúgbò kejì gbó dá a lóhùn. "Ó ń ṣiṣẹ́ ni," ló wí, bí omi ṣe ń dà lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, apá náà sé èépá. Mo-Ti-Mọ̀ mú sáńpépà. Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni o, èyí tó kúnná jù ló mú, ó sì fi omi rẹ ẹ́.

Obìnrin kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣí agolo ọ̀dà láìka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Mo-Ti-Mọ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á kọ́kọ́ ka ara kọ́ọ̀bù.

"Bùọ̀dá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń ha á kó lè jọ̀lọ̀."

"Yéè! Kò ì jinná o. Ẹ jẹ́ ká lọ fi han nọ́ọ̀sì."

"Nọ́ọ̀sì ti kun mọ́tò rí?"

Jẹ́jẹ́ mi orí, ó padà sídìí agolo ọ̀dà tó ń kà lọ́wọ́.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n ibà ló kọ́kọ́ dé. Apá náà wú bíi táyà tí wọ́n fún ní atẹ́gùn àfúnjù, ó sì ń rùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wọ́ ọ dé ọsibítù.

"Kí lo fi ń fọ̀ ọ́?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Tínà, mà."

Nọ́ọ̀sì yíjú sẹ́yìn sí nọ́ọ̀sì àgbà. "Sìstà, ẹ dákun, ẹ wá gbọ́ nǹkan."

Abẹ́rẹ́ gun ìdí rẹ̀ láàárọ̀, ó tún gun ún nírọ̀lẹ́. Bó bá ti ń fò sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní, "Dúró jẹ́ẹ́ jàre. Ṣebí o ti mọ̀."

Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà tí mọ́tò dókítà fi dé. Ọ̀gá wá kí i.

"Ọ̀gá, mo lè fi ọwọ́ òsì kun ún, sà."

"Fi ọwọ́ òsì gba oògùn ẹ."

Jẹ́jẹ́ ló kun mọ́tò náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: nígbà tí dókítà dé, ara mọ́tò yẹn ló wò tó fi ya irun rẹ̀. Ọ̀gá fa kọ́kọ́rọ́ lé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn.

Apá Mo-Ti-Mọ̀ jinná ṣá, ṣùgbọ́n ìka méjì ò lè fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà mọ́. Ó ń fọ mọ́tò báyìí ní ṣọ́ọ̀bù tuntun, Jẹ́jẹ́ sì ni ọ̀gá rẹ̀. Ẹkùn yẹn ti di ewúrẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà a máa bi í pé, "Ewúrẹ́ yìí mà dáa o, ṣé ẹ̀ ń sìn wọ́n ni?"

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí, ẹ̀yin tó ti mọ̀. Ọgbẹ́ ni tàtúù tuntun títí yóò fi jinná: ẹ fi ọṣẹ àti omi tọ́jú rẹ̀, ẹ má họ ọ́, ẹ má sá a sóòrùn, bó bá sì wú, ẹ tètè gba ọsibítù lọ. Iṣẹ́ tí èèyàn mọ̀ kì í sọ ọ́ di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fi ara fún oníṣẹ́, kó fi etí náà kún un.

Ní ti ibi tí mo parọ́: ewúrẹ́ yẹn ni. Àánú ló ṣe mí tí mo fi fi í síbẹ̀. Ohun tó wà lápá rẹ̀ ò jọ ẹran kankan.